Àíkídò Níwájú Dúró-Gbọin

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹni tí ó bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́, kí ó gbé e sílẹ̀. Ẹni tí oorun bá ń kùn, kí ó fi omi bọ́jú. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò gùn, ṣùgbọ́n kò ṣeé gbọ́ ní ìlàjì. Ẹni tí ó bá gbọ́ apá kan rẹ̀ ni yóò jáde lọ sọ pé Ọdẹ́wùmí ń pa irọ́, ẹni tí ó bá sì gbọ́ apá kejì nìkan ni yóò sọ pé Ọdẹ́wùmí ń fọ́nnu. Irọ́ kọ́ ni mo fẹ́ pa. Ìfọ́nnu ni, díẹ̀, n kò sì tọrọ àforíjì lórí rẹ̀. Ọdẹ tí kò lè fọ́nnu, kí ni ó rí nínú igbó?

Èmi ni Ọdẹ́wùmí, ọmọ Ọdẹ́lámì, ará Ìdó-Àgbọ̀n. Baba mi ṣọdẹ, baba tí ó bí i ṣọdẹ, èmi náà ti ń tẹ̀lé baba mi wọ igbó kí n tó mọ ìwé kà. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ni ó lọ sí yunifásítì nínú wa, níbi tí mo ti fi ọdún mẹ́rin kọ́ ìṣirò, nítorí pé láti kékeré ni mo ti jẹ́ ẹni tí oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ bí àdìtú bá wà níwájú rẹ̀ tí kò tíì tú. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbándé, ọkùnrin kúkurú kan tí ó ń tún ẹ̀rọ ṣe fún àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀. Nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, ó bá àwọn ará Jàpáánì la ọ̀nà, ọ̀kan nínú wọn sì kọ́ ọ ní irú ìjà kan tí wọ́n ń pè ní àíkídò. Ní ìrọ̀lẹ́, yóò tẹ́ mátíràsì àlòkù sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn eré ìdárayá, yóò sì máa kọ́ àwa mẹ́fà. Fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ìṣubú nìkan ni a kọ́: bí a ṣe ń ká ara bí òkété, tí a fi èjìká yí lórí ilẹ̀, tí a sì dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn èyí ni ó tó kọ́ wa ní ìyókù. Bí ẹnìkan bá fi agbára wá sí ọ, má dí i. Yà fún un bí ilẹ̀kùn ṣe ń yà fún àlejò, di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ó ti ń kọjá, kí o sì jẹ́ kí agbára tí ó gbé wá gbé òun fúnra rẹ̀ ṣubú. O kò ní gbá a ní ẹ̀ṣẹ́. O kò ní ta á ní ìpá. Ìjà tí a kì í lu ènìyàn ni.

Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ yìí délé, ẹ̀gbọ́n mi Ọdẹ́sànyà ni ó kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín. Òun ni àkọ́bí ìyá wa, ọkùnrin tí àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn àgbàlá, tí kò sí ẹni tí kò tíì fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀ nínú ìjàkadì láti ìlú wa títí dé ìlú kẹta. Agbéniṣánlẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ó pè mí jáde sí ojúde àwọn ọdẹ, ó ní kí n fi ìjà Jàpáánì hàn án.

"Ẹ di ọrùn ọwọ́ mi mú," mo wí.

Ó dì í mú. Ó dúró. Mo yí ọwọ́, mo yí ẹsẹ̀, mo yí ìbàdí. Ẹ̀gbọ́n mi dúró bí ẹni tí ń retí kí wọ́n pè é jẹun.

"Ó kù?" ó bi mí.

"Ẹ kò fi agbára wá ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ó yẹ kí ẹ wá."

"Ṣé kí n kọ́kọ́ gba ìwé ìpè ni?"

Gbogbo ojúde bú sẹ́rìn-ín. Olúọdẹ wa, Baba Ọdẹ́lékè, tí ó jẹ́ olórí gbogbo ọdẹ ìlú, kò rẹ́rìn-ín. Ó mú ìkòkò tábà kúrò lẹ́nu, ó ní, "Ọmọ mi, àwọn tí ẹ jọ ń ṣe é ní yunifásítì yẹn, ṣé kì í ṣe pé wọ́n ti gbà láti ṣubú kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi mí rẹ́rìn-ín lónìí, ẹ kò tíì sọ ohun tí ó dùn mí tó ìbéèrè yẹn, nítorí pé ìbéèrè rere ni. Mo wá ìdáhùn sí i, n kò rí i. Ó wọ̀ mí lára bí ẹ̀gún ọ̀pẹ, mo sì ń gbé e kiri fún oṣù mélòó kan, títí di ọjọ́ tí Ọdẹ́sànyà wọ Igbó Dúró-Gbọin tí kò padà.

Ẹ̀yin àgbà mọ igbó náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún àwọn ọmọdé. Iwin kan wà níbẹ̀, Dúró-Gbọin ni orúkọ rẹ̀, ó fẹ́ràn ìjàkadì. Ẹni tí iwin náà bá fi ẹ̀yìn rẹ̀ kan ilẹ̀, yóò gbé e lọ sí abẹ́ àká rẹ̀, yóò gbìn ín síbẹ̀ bí òpó, ẹni náà yóò sì máa ru òrùlé. Títí ọjọ́ kẹtàdínlógún, ènìyàn ṣì ni. Lẹ́yìn ìyẹn, igi ni. Ọmọ ìyá rẹ̀ nìkan ni ó lè gbà á, ohun kan ṣoṣo ni yóò sì fi gbà á: kí ó fi ẹ̀yìn iwin náà kan ilẹ̀ pẹ̀lú. Bí òun náà bá ṣubú, àwọn méjèèjì di òpó. A kì í mú irin wọ ibẹ̀, nítorí ìbọn tí ó bá kọjá ààlà igbó náà, ẹni tí ó gbé e ni ọta rẹ̀ máa ń bà.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ni adẹ́mu kan wá sọ pé òun gbọ́ ohùn Agbéniṣánlẹ̀ tí ń kérora láti inú igbó náà. Ìyá wa kò sọkún. Ó kàn wo ojú mi, ó ní, "Ìwọ ni ó kù tí ẹ jọ mu ọmú." Àwọn ọdẹ pé jọ. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ṣé Wùmí ni yóò lọ? Ijó ni yóò jó fún iwin ni?" Mo dìde, mo ní, "Bí tèmi bá jẹ́ ijó, kí ẹni tí ó mọ ìjà gan-an dìde, kí ó bá mi lọ títí dé ẹnu ààlà." Kò sí ẹni tí ó dìde. Àwọn kan kàn ń fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀ ni. Mo mú àpò mi, mo bọ́ sọ́nà.

N kò ní sọ bí mo ṣe rìn, bí mo ṣe jẹun, bí ẹ̀gún ṣe gún mi. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, kí ó lọ rìn ín. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrìndínlógún, mo fi ìbọn mi kọ́ orí ẹ̀ka ní ẹnu ààlà, mo wọlé. N kò tíì rìn tó ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ nígbà tí ohun kan dìde lójú ọ̀nà. Ẹsẹ̀ ènìyàn ni ó ní, orí ẹfọ̀n, ìwo kan ṣoṣo ní àárín iwájú. Abìwo-kan ni orúkọ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì sọ ọ́ fún mi, nítorí pé orúkọ náà kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Abìwo-kan ni mí. Ta ni ìwọ?"

"Ọdẹ́wùmí ni."

"Ta ló bi ọ́ léèrè?"

"Ìwọ náà ni."

Ọ̀rọ̀ yìí dà á lọ́kàn rú. Ohun tí ó bá sì dà á lọ́kàn rú, ìwo ni ó fi ń tú u. Ó sáré wá. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: n kò tètè yà. Ó gbé mi sókè, ó jù mí, ọ̀run di ilẹ̀, ilẹ̀ di ọ̀run. Bí kì í bá ṣe oṣù mẹ́ta ẹ̀yìn gbọ̀ngàn yẹn, egungun mi ni wọn ì bá lọ ṣà. Mo ká ara mi bí òkété, mo fi èjìká kan ilẹ̀, mo yí lẹ́ẹ̀kan, mo sì dìde ní ìdúró.

Abìwo-kan wò mí. "O ti ṣubú," ó ní.

"Mo ti dìde pẹ̀lú."

"Ẹni tí mo bá kàn kì í dìde."

"Tún kàn mí wò. Bóyá o kò kàn mí dáadáa."

Ó tún sáré wá, ó fi gbogbo ìran ẹfọ̀n sáré wá. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ti wà ní ẹ̀gbẹ́ kan kí ó tó dé. Mo fi ọwọ́ kan ìwo rẹ̀, ọwọ́ kan sí ọrùn rẹ̀, mo sì yí bí ènìyàn ṣe ń yí láti wo ẹni tí ó pè é lẹ́yìn. Ohun tí mo ṣe kò ju ìyẹn lọ. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá nínú afẹ́fẹ́, ìwo rẹ̀ sì wọ ara igi àràbà títí dé ìdí. Ibẹ̀ ni mo fi í sí tí ó ń sọ fún igi náà pé Abìwo-kan ni òun. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ sókè nínú igbó bí wèrè: "Baba Ọdẹ́lékè, ṣé ẹ rí i? Ṣé ẹran yìí ti gbà láti ṣubú fún mi?" Ẹ̀yin ará, ìgbéraga a máa dùn. Ẹnu mi ṣì wà nínú adùn rẹ̀ nígbà tí mo dé odò.

Obìnrin arúgbó kan jókòó sétí odò. Ọwọ́ mẹ́fà ni ó ní. Méjì ń fọ aṣọ, méjì ń ya irun orí rẹ̀, méjì sì ká sórí itan láìṣe ohunkóhun.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá àgbà," mo wí.

"Èwo nínú wọn ni o ń kí?" ó dáhùn, kò sì wo ojú mi. "Ìwọ ni o ń pariwo lókè lọ́hùn-ún?"

"Èmi ni, mà. Mo fẹ́ kọjá."

"Wá kọjá."

Bí mo ṣe gbé ẹsẹ̀, ọwọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dì mí mú: méjì ní ọrùn ọwọ́, méjì ní ìgúnpá, méjì ní ìbàdí. Kò tì mí, kò fà mí. Mo ṣe èyí tí Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbándé kọ́ mi, mo ṣe èyí tí kò kọ́ mi. Bí mo bá tú ọ̀kan, méjì á tún un dì.

"Ẹni tí ó kọ́ ọ ní ìjà yìí, ọwọ́ mélòó ló ní?" ó bi mí.

"Méjì ni, ìyá."

"Ó hàn." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo ní ìbéèrè kan. Àwọn ọwọ́ yìí kì í gbọ́ tèmi lórí ọ̀rọ̀ òótọ́. Bí o bá pa irọ́, wọn yóò fún ọ pinpin. Bí o bá sọ òótọ́, wọn yóò tú. Ìjà tí o ń gbé kiri yìí, ṣé ó ń ṣiṣẹ́?"

Mo rántí Abìwo-kan. "Ó ń ṣiṣẹ́," mo wí. Ọwọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fún mi títí egungun mi fi dún. Mo wo ara mi níbi tí mo wà, tí n kò lè mira. "Kò ṣiṣẹ́," mo wí. Wọ́n tún fún mi, wọ́n fún mi ju ti àkọ́kọ́ lọ, omi sì bọ́ lójú mi. Ẹ wo àdìtú o: bẹ́ẹ̀ ni jẹ́ irọ́, bẹ́ẹ̀ kọ́ jẹ́ irọ́. Ẹlòmíràn ì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀bẹ̀. Èmi, mo gbàgbé ìrora; inú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa dùn. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Mo wá ní, "Ìyá, ó ṣiṣẹ́ fún ẹni tí ó sáré wá bá mi láàárọ̀. Kò ṣiṣẹ́ fún ẹ̀yin tí ẹ kò wá. Ní ti ẹni tí mo ń lọ bá, n kò tíì mọ̀."

Ọwọ́ àkọ́kọ́ tú. Èkejì tú. Nígbà tí mo sọ "n kò tíì mọ̀," ìyókù tú lẹ́ẹ̀kan náà bí okùn tí iná jó.

"Ọ̀pọ̀ ló ti gba ibí kọjá," arúgbó náà ní, ó sì padà sí aṣọ rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n rẹ gba ibí. Ó ní ìjàkadì tòun ń ṣiṣẹ́ níbi gbogbo. Ó pẹ́ lọ́wọ́ mi kí ó tó gbà pé ibi gbogbo pọ̀. Gbọ́: ẹni tí o ń lọ bá kì í wá bá ènìyàn. Ìyẹn ni gbogbo agbára rẹ̀. Máa lọ, odò yìí ni ààlà ilẹ̀ rẹ̀."

Oòrùn wà ní àtàrí nígbà tí mo dé ojúde Dúró-Gbọin. Ohun tí mo ti ń retí ni òmìrán. Ẹni tí mo bá kò ga jù mí lọ. Ara rẹ̀ ki bí odó, ojú rẹ̀ sì dán bí òkúta odò. Ó jókòó sórí kùkùté, ó ń jẹ iṣu sísun. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àká ńlá kan wà, òpó méje ni ó gbé e ró. Mẹ́fà nínú wọn ti di igi, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá wò wọ́n pẹ́, yóò rí ibi tí imú wà. Ìkeje ni ẹ̀gbọ́n mi. Ìtí igi wà lórí rẹ̀, èèpo igi sì ti gun ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá orúnkún.

"Káàbọ̀, òpó kẹjọ," Dúró-Gbọin wí, ó sì gé iṣu jẹ.

"Òpó kọ́ ni mí. Ọ̀kan ni mo wá mú lọ."

Ọdẹ́sànyà yí ojú wá. "Wùmí? Ta ló rán ọ? Ṣé ọkùnrin tán nílé ni?"

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n wà nílé. Ilé náà ni wọ́n wà."

Dúró-Gbọin nu ọwọ́ rẹ̀, ó dìde, ó dúró síwájú mi. Ìwọ̀n ọ̀pá méjì ni ó wà láàárín wa. Ó dúró. Èmi náà dúró. Mo na ọwọ́ sí i, mo ní, "Gbà, dì í mú." Ó ní, "Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?" Mo yí i ká lẹ́ẹ̀kan; kò yí. Mo bú ojú rẹ̀, mo bú iṣu rẹ̀; ó ní òun náà mọ̀ pé iṣu náà kò jinná. Oòrùn kúrò ní àtàrí, ó bẹ̀rẹ̀ sí lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí pé kí ni àléébù ìjà mi, òun nìyẹn, mo ti fi ọwọ́ ara mi kó o síwájú yín. Bí ẹnìkan kò bá wá bá ọ, kò sí ohun tí o lè yí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí kò wá bá ọ, kí ni ó dé tí o fi ń bá a jà? Bí kì í bá ṣe pé ẹ̀gbọ́n mi wà lábẹ́ àká rẹ̀, ǹ bá ti kí i pé ó dàbọ̀.

"Gbá a mú ní ẹsẹ̀," Ọdẹ́sànyà ń pariwo láti abẹ́ ìtí igi. "Wùmí, wọlé sí i lára. Ṣé o fẹ́ kí ọjọ́ lọ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákẹ́. Ṣé bí ẹ ṣe ṣe é nìyẹn?"

Ó yí ojú kúrò lọ́dọ̀ mi.

Dúró-Gbọin rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n rẹ kò pẹ́ tó báyìí rárá. Ohun tí mo ṣe fún un, màá ṣe é fún ọ." Ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ kó iyanrìn jọ ní òkìtì méjì, ọ̀kan síwájú mi, ọ̀kan síwájú ara rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti jẹ́ ọmọdé rí nílẹ̀ yìí, ṣé mo ní láti sọ ìyókù? Ó na ìka sí wọn. "Ìyá rẹ rèé. Ìyá mi rèé." Ó gbé ẹsẹ̀, ó sì tú ìyá mi ká.

Mo fi ọdún mẹ́rin gba ìwé ẹ̀rí, mo mọ̀ pé iyanrìn ni iyanrìn. Síbẹ̀, nígbà tí ẹsẹ̀ yẹn kan òkìtì náà, ojú ìyá mi ni mo rí, bí ó ṣe wò mí láìsọkún. Ẹ̀jẹ̀ gun orí mi. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ti kúrò nílẹ̀. Lábẹ́ àká, ẹ̀gbọ́n mi, ọkùnrin tí n kò rí ẹkún rẹ̀ rí, ń sọkún, nítorí ibẹ̀ gan-an ni òun ti sáré wọlé tí iwin náà sì fi eré rẹ̀ gbé e ṣánlẹ̀. Ìgbà náà ni ó tó hàn sí mi: ohun tí èmi ń ṣe fún ènìyàn ni iwin yìí ń ṣe fún mi. Òun náà ń dúró de ẹni tí yóò wá. Àíkídò ni iwin yìí ń jà, kò kàn mọ orúkọ rẹ̀ ni. Mo gbé ẹsẹ̀ mi padà sí ibi tí ó ti kúrò, mo sì wo òkìtì kejì. Bí òkìtì kìíní bá jẹ́ ìyá mi, èyí ńkọ́?

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú òkìtì tirẹ̀.

"Ìyá wa, ẹ kú ìjókòó o," mo wí. "Ọdẹ́wùmí ọmọ Ọdẹ́lámì ni mo ń jẹ́. Ẹ má bínú pé n kò tètè kí yín, ọmọ yín ni kò mú wa mọ ara wa."

"Kí ni o ń ṣe níbẹ̀?" Dúró-Gbọin bi mí.

"Mo ń kí ìyá."

"Iyanrìn ni."

"Èyí tí o tú ká ńkọ́?"

Mo tẹ̀síwájú. "Ìyá, mo wá fi ẹjọ́ ọmọ yín sùn yín ni. Àlejò wá sílé, kò bun un ní omi. Ó ń jẹ iṣu níṣojú ẹni tí ebi ń pa. Ó gbin ọmọ ọlọ́mọ mọ́lẹ̀ bí igi. Ṣé bí ẹ ṣe kọ́ ọ nìyẹn?" Mo gbé etí mi lé iyanrìn, mo ń mi orí. "Ẹn-ẹ́n. Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo gbọ́, mà."

"Dìde níbẹ̀," ó wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Ìyá ṣì ń bá mi sọ̀rọ̀."

Ó tẹ orí ba, ó wo òkìtì náà. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré. "Kí ló sọ?"

"Ó ní ta ni wọ́n ń pè ní Dúró-Gbọin."

Ó wá. Ilẹ̀ mì, ewé já lórí igi. Láti ìgbà tí igbó náà ti wà ni kò tíì gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò níbi tí ó bá dúró sí láti lọ bá ẹnìkan jà, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó wá bí ọmọ tí ń kọ́ ìrìn, ọwọ́ rẹ̀ na síwájú, gbogbo ara rẹ̀ tẹ̀ lé ọwọ́. Mo ti dìde lórí orúnkún kan. Mo gba ọwọ́ náà bí ènìyàn ṣe ń gba ẹrù lọ́wọ́ àgbà, mo yí ìbàdí, mo sì tọ́ ọ sọ́nà tí òun fúnra rẹ̀ ń lọ. Ó gba orí mi kọjá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó fi kan ilẹ̀, gbàgà, orí òkìtì ìyá rẹ̀ gan-an ni ó sì bà lé. Òun fúnra rẹ̀ ni ó tú u ká.

N kò fò sókè. Ojú tí mo rí lórí ilẹ̀ yẹn, ojú ọmọ ni. Ó ń fi ọwọ́ kó iyanrìn náà jọ.

"Kì í ṣe ìwọ ló dá mi," ó wí. "Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi wá."

"Ta ló ní kí o wá?" mo dáhùn, mo sì sáré lọ sí abẹ́ àká.

Èèpo igi já kúrò lẹ́sẹ̀ Ọdẹ́sànyà bí awọ ejò. Bí mo ṣe fà á jáde, àká dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, gbogbo iṣu inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yí. Dúró-Gbọin fò dìde, ó sì fi èjìká ara rẹ̀ gbé ìtí igi náà ró níbi tí ẹ̀gbọ́n mi ti wà. Kò lè kúrò níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin ará, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Mo gbàgbé pé iwin náà ṣì ní ẹnu.

"Agbéniṣánlẹ̀," ó pè é, jẹ́jẹ́. "Kú àlọ o. Àbúrò rẹ ló dá mi, kì í ṣe ìwọ. Wọn yóò máa sọ ọ́ nílé: ọmọ yunifásítì ló gba akọni sílẹ̀. Mo wà níbí, ẹrù wà léjìká mi, n kò lè sá. Ṣé o kò ní wá gba ẹ̀san rẹ?"

Ẹ̀gbọ́n mi dúró. Ó yí padà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má dá a lóhùn. Ẹni tí wọ́n bá gbà lẹ́ẹ̀kan, wọn kì í gbà á lẹ́ẹ̀kejì."

"Ó ti rẹ̀ ẹ́. Èmi yóò gbé e ṣánlẹ̀."

"Ẹ wo ẹsẹ̀ yín báyìí, ṣé ó lè gbé yín?"

"Kúrò lọ́nà, Wùmí." Ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún tì mí ní àyà. Kì í ṣe eré. Gbogbo agbára tí ó kù nínú Agbéniṣánlẹ̀ ni ó fi tì mí.

Ó wá bá mi nígbà yẹn. Mo gba ọwọ́ náà, mo yà, mo sì ká ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sókè sí èjìká rẹ̀ títí ó fi dúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀. Kò sí ibi tí ó lè lọ àfi ibi tí mo bá ń lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí mú un rìn lọ sí odò.

"Fi mí sílẹ̀. Màá pa ọ́."

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ọmọ burúkú ni ọ́. Ọwọ́ mi á kán."

"Kò ní kán bí ẹ kò bá jà. Ẹ gbé ẹsẹ̀ òsì. Ẹ ṣọ́ra, gbòǹgbò wà níbẹ̀."

Ó fi ọwọ́ kejì gbá mi ní etí, etí náà ṣì ń hó títí di òní. Ó bú mi, ó bú Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbándé tí kò rí rí, ó bú gbogbo ará Jàpáánì. N kò gbá a padà. Ẹ sọ fún mi, irú ìjà wo ni ǹ bá fi mú un lọ? Ìjàkadì? Òun ni ọ̀gá mi níbẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́? Àkọ́bí ìyá mi ni, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni kò sì fi jẹun. Ọ̀bẹ ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ìjà tí kò pa ènìyàn kì í ṣe ìjà, ṣé ọ̀tá nìkan ni ó máa ń gbé ọwọ́ sókè sí yín láyé yìí? Kì í ṣe ọmọ yín tí ó mu ọtí yó? Kì í ṣe ọ̀rẹ́ yín tí inú ń bí?

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe dé odò. Arúgbó náà wò wá kọjá, ọwọ́ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò sì kúrò lórí itan. Nígbà tí omi kan orúnkún wa, ó ṣì ń bú mi. Nígbà tí a bọ́ sí òdìkejì, mo tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ó gbé ọwọ́ sókè láti gbá mi. N kò yà. Ó rọ ọwọ́ náà sílẹ̀. Ó yí padà, ó wo igbó tí a ti jáde, a sì ń gbọ́ ohùn Dúró-Gbọin lọ́ọ̀ọ́kán tí ó ń pè é ní orúkọ oyè rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ìyá ṣe ń pe ọmọ. N kò dì í mú mọ́. Bí ó bá fẹ́ padà, kò sí ohun tí mo mọ̀ tí ó lè dá a dúró nígbà yẹn, mo sì jẹ́ kí ó hàn lójú mi pé mo mọ̀ ọ́n. Ó dúró bẹ́ẹ̀ tó ìgbà tí ènìyàn lè fi bó iṣu kan.

"Ebi ń pa mí," ó wí, ó sì bọ́ síwájú mi lọ́nà ilé.

Ẹ máa bi mí bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó lọ bá arúgbó etí odò, ọwọ́ yóò fún un. Ibi tí kò ti ṣiṣẹ́, mo ti sọ ọ́ níṣojú gbogbo yín, n kò fi pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tún máa pè é ní ijó, Ọdẹ́sànyà rèé tí ó jókòó ti ògiri tí ó ń jẹ ẹran ìgalà. Kí onítọ̀hún dìde, kí ó lọ sọ ọ́ fún un.